Kátíríìjì Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ má ní kí n fi Kùránì búra. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, nínú kíṣìnnì mi ní Peckham, oorun ò sì kùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wá bá mi jẹun.

Ọmọ ọdẹ ni Hamid, ọkọ mi, láti Ìsẹ́yìn. Níbí, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Lọ́jọ́ tí kò bá níṣẹ́, á lọ sí pápá kan ní Kent, níbi tí wọ́n ti ń ju àwo amọ̀ sókè fún àwọn tó fẹ́ yìnbọn lù ú. Ó ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ó sì ní àpótí irin tí ìbọn ń gbé. Ìbọn tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ò ju ọmọńdinrín ìka lọ, kátíríìjì rẹ̀, agolo kékeré tí ẹ̀tù àti ọta ń wà nínú rẹ̀, ò sì wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ló bá ní òun á máa kì wọ́n fúnra òun. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní ọkọ àwọn ẹlòmíì ń gbin tòmátò.

Ọwọ́ Mummy Dámisọ́lá ní Sydenham ló ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kì í. Simeon, ọkọ wọn tó ti kú, ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Mo bá a lọ gbé e. Mummy ò ní ká wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti kó o fún wa, pẹ̀lú pákó oníhò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí kátíríìjì ń dúró sí.

"Hamid, mẹ́rìnlélógún ni Simeon máa ń kì. Fi ihò kan sílẹ̀."

"Kí ló dé, Mummy?"

"Kò sọ fún mi. Ṣáà fi í sílẹ̀."

Nínú mọ́tò, Hamid rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lèèyàn ń yìn ní round kan ní club. Ìyá Rahmah, ṣé kí n lọ máa yá ẹyọ kan ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ásárì, ó de ẹ̀rọ mọ́ tábìlì kíṣìnnì. Oṣù kìíní ọdún ni, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin. Ó ní kò gbọdọ̀ sí rédíò, kò gbọdọ̀ sí fóònù, kí n má sì bá òun sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣi ẹ̀tù wọ̀n, ojú ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Mo jókòó sí ìkángun kejì, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó ń da ẹ̀tù, ó ń ti ike bọ̀ ọ́, ó ń da ọta wẹ́wẹ́ lé e, ẹ̀rọ ń ká ẹnu rẹ̀ pọ̀. Kẹ́. Bísímílà. Kẹ́. Bísímílà. Nígbà tó kan kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n má sọ̀rọ̀. Ó fa ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Títí dòní ni mò ń bú ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti yin kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn. Ẹnu rẹ̀ là, inú rẹ̀ dúdú, òórùn ẹ̀tù ń jáde níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ìbọn wà nínú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Hamid. A ò gbọ́ ìró kankan. Aládùúgbò wa, tó máa ń gbá ògiri tí mo bá ń gúnyán, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bóyá mo gbàgbé rẹ̀ ni," ni Hamid wí.

"Ẹ ò gbàgbé. Ojú mi ló ṣe."

Olórí kunkun ni ọkọ mi. Ó tún fi ẹ̀tù àti ọta kún un. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún ti yìn ín. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi bá a jà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, à ń jẹ ìrẹsì, Hamid tu nǹkan sí etí àwo. Kín. Mo mọ ìró yẹn. Nílé wọn ní Ìsẹ́yìn, tí a bá ń jẹ ẹran ìgbẹ́, gbogbo ẹnu ló ń tu ọta sétí àwo. Ṣùgbọ́n adìẹ tí mo rà lọ́jà Rye Lane la jẹ, ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi pa á. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó tu méjì sínú ẹ̀wà tí mo fọwọ́ ara mi ṣà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó foríkanlẹ̀ lórí ìrun, ó wúkọ́, ọ̀kan bọ́ sórí ẹní. Ó ní àyà ń dun òun. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ní hospital, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, Ọlátòkunbọ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni. Ó wò ó pẹ́.

"Uncle, when did they shoot you?"

"Wọn ò yìnbọn fún mi rí."

Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ọta mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló yí ọkàn rẹ̀ ká. Dókítà ní wọ́n ti súnmọ́ ọkàn jù, òun ò lè fọ̀bẹ kàn án, ká ṣì máa wò ó ná.

Èmi nìkan ni mo dá ẹ̀rọ náà padà sí Sydenham, àti pákó, àti kátíríìjì náà. Mo fi àwòrán han Mummy Dámisọ́lá nínú fóònù mi.

"Ti Simeon náà rí báyìí," ni wọ́n wí.

"Kí lẹ ṣe sí i, Mummy?"

"Mò ń bá a jẹun nínú àwo kan. Ọta ń dín kù lára rẹ̀." Wọ́n gbọ́wọ́ lé àyà ara wọn. "Ọjọ́ tó mọ ibi tí ọta náà ń lọ, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ sí shed ẹ̀yìnkùlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò bá mi jẹun mọ́ títí tó fi kú."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. Ẹni tó ń yin kátíríìjì náà, ohun tí Hamid ṣe fún un, mi ò mọ̀, n kò sì rẹ́ni bi.

Mi ò sọ fún Hamid. Mo ní ó ti rẹ̀ mí láti máa fọ àwo méjì, ká jọ máa jẹun nínú ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn.

"Ìyá Rahmah, ṣé ìyàwó tuntun ni ẹ́ ni?"

Oṣù tó kọjá, wọ́n tún ya àwòrán rẹ̀. Ogún ti lọ nínú ọta náà. Dókítà ń mi orí, Hamid ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wúkọ́. Dókítà yíjú sí mi.

"Aunty, ikọ́ yín yìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ya tiyín náà."

"Òtútù ni," ni mo wí.

A délé, mo bu ẹ̀bà sínú àwo kan ṣoṣo. Ó ku mọ́kànlá.