Wókì-tókì Ọlọ́sàn Fìdítì

"Ṣé o gbọ́ mi? Ìyá Bùkúnmi, ṣé o gbọ́ mi níbẹ̀ yẹn?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Fìdítì, lọ́dún 1994, Olúgbénga ọlọ́sàn di rédíò àfọwọ́mú kan mú, ó ń kígbe sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ewúrẹ́ tó sọnù. Adéwùnmí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, ó di ìkejì mú.

"Mo gbọ́ yín, Bàbá Bùkúnmi! Kedere ni!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọlọ́jà tó gbé wókì-tókì méjèèjì wá láti Ìbàdàn rẹ́rìn-ín títí eyín erìgì rẹ̀ fi hàn.

Iṣẹ́ tọkọtaya yìí kò lọ́jú pọ̀. Adéwùnmí àti Hàwáù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ ra ọsàn lórí igi ní Akinmorin. Olúgbénga ló ń dúró de àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ní Fìdítì, òun ló sì mọ iye tí àwọn awakọ̀ yóò san. Kí Adéwùnmí tó gba oko kankan, ó gbọ́dọ̀ fi alùpùpù wọn ránṣẹ́ wá béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bẹntiróòlù ti wọ́n bí ojú.

"Ẹ ta alùpùpù, kí ẹ fi ra èyí," ọlọ́jà wí. "Èyí kì í mu bẹntiróòlù."

Bàbá Rahmatullah, tó fi ọgbọ̀n ọdún tún tẹlifóònù ṣe kó tó fẹ̀yìntì, fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn.

"Olúgbénga, ṣé o ti dán an wò dé Akinmorin? Ìwé àṣẹ ìjọba rẹ̀ ńkọ́? Ta ló tún ní irú rẹ̀ lágbègbè yìí? Ọ̀rọ̀ tí kò gba inú wáyà, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Afẹ́fẹ́ kò sì nílẹ̀kùn."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tí tẹlifóònù yín máa ń kú bí òjò bá ti ṣú, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa ní ẹ̀rọ?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà gbé àga rẹ̀, ó padà síbi tó ti ń bọ̀.

Wọ́n ta alùpùpù. Ẹ ti ń rò pé ẹ̀rọ náà kò dé Akinmorin, àbí? Ó dé! Ó dé bí ẹni pé Olúgbénga wà lábẹ́ igi ọsàn. Ì bá má dé, ì bá sàn.

Ní àwọn oko yẹn, a kì í kígbe owó ọsàn. Etí àgbẹ̀ ni oníbàárà ń sọ ọ́ sí, kí ẹlòmíì má baà gbọ́ kó fowó lé e. Adéwùnmí mọ àṣà yìí dunjú. Nítorí náà, yóò rìn jìnnà sí àgbẹ̀, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, yóò wá ké sínú ẹ̀rọ: "Oko Bàbá Amos, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Ṣé kí n gbà á?"

Kí Olúgbénga tó bi àwọn awakọ̀ tán, Olúṣínà, ọlọ́sàn ará Ilora, yóò ti já wọlé pẹ̀lú owó tó fi díẹ̀ ju tiwọn lọ. Ó ṣe é lóko kìíní. Ó ṣe é lóko kejì. Nígbà tó di ìkarùn-ún, Adéwùnmí kọjú sí Hàwáù.

"Àwa méjì péré la jọ ń mọ iye yìí. Èmi kò sọ fún Olúṣínà o."

"Kí lò ń sọ, Adéwùnmí?"

"Olúṣínà kì í ṣe àǹjọ̀nú."

"Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń wọ oko. Nígbà tí o bí Bùkúnmi, èmi nìkan ni mo ta ọsàn rẹ, n kò fi kọ́bọ̀ kan pa mọ́. Èmi ni mo wá di olè?"

Hàwáù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Akinmorin ti gbọ́ pé ó ń ta àṣírí. Àwọn àgbẹ̀ ní kó má wọ oko àwọn mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Adéwùnmí nìkan ló lọ. Ó tún pe iye owó oko kan. Ohùn kan dáhùn nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ti Olúgbénga.

"Ìyá Bùkúnmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iye yẹn pè, kò já geere létí mi."

Olúṣínà ni! Ọlọ́jà Ìbàdàn ti ta irú kan náà fún un kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wọ́n sáré tọ Bàbá Rahmatullah lọ. "Ojú ọ̀nà kan náà ni ẹ̀rọ yín àti tirẹ̀ ń gbà nínú afẹ́fẹ́," ó wí. "Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, tó sì tàn án, ń gbọ́ yín. Kò sẹ́ni tó jí ọ̀rọ̀ yín gbé. Ẹ̀yin lẹ kígbe rẹ̀ sí i létí."

Wọ́n lọ bẹ Hàwáù. Olúgbénga dọ̀bálẹ̀, Adéwùnmí kúnlẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín," Hàwáù wí.

"Ọlọ́run á bù kún ọ! Ṣé ká pàdé lóko lọ́la?"

"Oko wo? Ẹ lọ máa wọlé kọ̀ọ̀kan ní Akinmorin, kí ẹ sọ fún wọn pé n kì í ṣe olè. Bí ẹ bá parí, ẹ má wá síbí. Mo ti ń lọ ta èlùbọ́ ní Awẹ́."

Ẹ̀yin oníṣòwò, a kò ní kí ẹ má ra ẹ̀rọ aláìlówáyà; ó ń dín ìrìn kù. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò níbi tí iṣẹ́ yín wà gan-an, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ bi ọlọ́jà pé ta ló tún lè gbọ́. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbé ọjà rẹ̀ lọ. Ẹ fẹnu kò sórí iye tí ẹ lè san kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ má sì ta irinṣẹ́ àtijọ́ kí tuntun tó jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ní ti ẹni tí ẹ bá fẹ́ pè ní olè, ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun tó wà lọ́wọ́ ara yín wò.