Àpótí Bàsì Inú Ọkọ̀ Bhekani

Nomvelo gbé àpótí bàsì, ìyẹn àpótí ẹ̀rọ orin tó ń mú ohùn ìsàlẹ̀ dún, tó fi pákó kàn fún ọkọ̀ takisí tí Bhekani ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wà, jáde sí àgbàlá wọn ní Umlazi ní Gúúsù Áfíríkà, ó sì tan orin. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé lé e lórí. Lwazi tẹ́tí díẹ̀, ó yínmú.

"Bàsì nìyí, àbí ẹ̀fọn ló ń kùn? Ta ni yóò wọ ọkọ̀ yín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Nomvelo wọnú eegun, torí ní Umlazi, ọkọ̀ tí orin rẹ̀ kò bá dún, àwọn ọmọ iléèwé a máa jẹ́ kó kọjá ni. Baba Mthiyane tó ni ọkọ̀ sì ti sọ pé bí èrò kò bá pọ̀ sí i, òun yóò gba ọkọ̀ òun lọ́wọ́ Bhekani. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì fi ń jẹun nílé wọn.

"Má dá wọn lóhùn," Bhekani sọ fún un. "Jẹ́ ká gbé e sínú ọkọ̀, ká tilẹ̀kùn, ká gbọ́ ọ ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀. Màá tún un ṣe."

Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í gbọ́ ìmọ̀ràn bọ̀rọ̀. Nomvelo tú àpótí náà, ó fi pákó tó kù sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tó tún tan orin, ilẹ̀ àgbàlá mì, Lwazi pàtẹ́wọ́. Inú Nomvelo dùn débi pé ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láìgbọ́ ọ níbẹ̀ rárá.

Kò mọ̀ pé ohùn tó ń fọ́n ká ní gbangba kò ní ibi tí yóò sá sí nínú ọkọ̀ tí a tì pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàsì kún ọkọ̀ dẹ́nu, gíláàsì ń gbọ̀n. MaKhoza, ìyá arúgbó tó ń lọ sí kílíníìkì, pariwo títí pé, "Dúró, mo fẹ́ bọ́ síbí," Bhekani kò gbọ́. Ibi tó bọ́ sí jìnnà. Ó fi orúnkún tó ń dùn ún rìn padà, kó sì tó dé kílíníìkì, wọ́n ti pín nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí dókítà tán. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá ti ń yẹra fún ọkọ̀ náà ní ibùdókọ̀, Baba Mthiyane sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ojú ti Nomvelo gidigidi. Ó lọ bá MaKhoza nílé, ó kúnlẹ̀.

"Gógó, ìyá mi àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ní kò dún tó."

"Dìde, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, kò pa mí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ṣé ọkọ̀ yín ni wọ́n ń wọ̀ lọ síléèwé?"

Nomvelo ronú. Ẹ̀yìn iléèwé ni Lwazi àti gbogbo wọn ń gbé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó wọ ọkọ̀ Bhekani rí.

"Rárá, Gógó."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá náà wí, ó sì bu oúnjẹ fún un.

Nomvelo bẹ Baba Mthiyane títí ó fi gbà kó tún àpótí náà gé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tilẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó sórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́, ó ń dín in kù, títí òun àti Bhekani fi lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ bí orin ṣe ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ Bhekani, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn ìyá tó tún gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí kò ní bá wa wọ ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kó bá wa wọn àpótí.