Má Já Eléyìí Dànù

Omi ló kọ́kọ́ mú wọn pàdé. Ọkùnrin tó wá tún páìpù ṣe wà lórí àkàsọ̀, ó yí ẹ̀rọ omi síbi tí kò yẹ, omi sì tú yàà sórí Ọ̀rẹ́-Ewé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé gíláàsì tí wọ́n ti ń gbin bẹ̀góníà, ewéko aláràbarà kan, fún títà, nítorí kò sí ewé tí kì í bá sọ̀rọ̀.

Kò sá o! Àwọn ewé aláràbarà yẹn ló na ara bò. Bómi bá dúró lójú wọn, àpá ló máa ń dá sí i, ta ni yóò sì ra ewé alápàá?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Onípáìpù wí. "Ẹ̀ ń bo ewé, ẹ ò bo ara yín?"

"Ara tèmi kì í ṣe títà!"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ wọlé nìyẹn, kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, páìpù tí kò bàjẹ́ ń gba àtúnṣe. Onípáìpù á wọlé, á ní òun gbọ́ tí nǹkan ń jò. Ọ̀rẹ́-Ewé á ní, "Etí rẹ ló ń jò." Inú wọn á máa dùn ṣìnkìn.

Àfi bí nǹkan ṣe dàrú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀rẹ́-Ewé bá ìkòkò bẹ̀góníà kan lórí tábìlì rẹ̀ tó yọ òdòdó wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ọ̀lẹ wo ló fi èyí sílẹ̀? Ewé ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Òdòdó ń fa okun ewé mu ni, kó tó là ni wọ́n ti ń já a. Ó já a féú, ó ń kọ orin tó máa ń kọ sẹ́nu iṣẹ́:

*Ewé pupa, ewé aláràbarà,*
*Ewé ló wù mí, òdòdó kọ́.*
*Òdòdó, máa lọ, máa lọ o,*
*Àyè rẹ ò sí lọ́dọ̀ mi.*

Nígbà tó gbójú sókè, Onípáìpù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ṣú bí òjò. Ó yí padà, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìkòkò mìíràn tún dé, òdòdó kún un. Ó já a, ó kọrin. Láti ìgbà náà, "ìwọ" tí wọ́n ti ń pe ara wọn, lẹ́nu Onípáìpù, tún padà di "ẹ̀yin".

Ọkàn Ọ̀rẹ́-Ewé pòrúùru. Ṣé òun ṣẹ̀ ẹ́ ni? Àbí ó ti rí ẹlòmíì? Ó fẹ́ bá ọkùnrin yìí kalẹ́, kò sì mọ ohun tó ń lé e lọ.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀, tó ń ká aṣọ.

"Ọkùnrin tó ń bínú láìsọ̀rọ̀?" ni ìyá wí. "Bó o bá fẹ́ ẹ, ògiri ni wàá máa bá tàkúrọ̀sọ! Lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Lọ bi í. Bí kò bá sọ̀rọ̀, má mú un wọ ilé yìí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Onípáìpù wá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun bá òun wáṣẹ́ sílùú mìíràn, ọ̀la lòun ń lọ.

Ọ̀rẹ́-Ewé gbá àpótí irinṣẹ́ mú. "O ò lọ ibì kankan. Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé màá máa bi ọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Mo fi bẹ̀góníà pamọ́ sẹ́yìn táńkì omi títí ó fi yọ òdòdó, kẹ́nikẹ́ni má baà já a. Mo gbé e wá fún ọ. O já a lójú mi! Mo tún gbé òmíì wá. O já ìyẹn náà, o tún fi orin lé mi!"

Ọ̀rẹ́-Ewé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ lo gbé e síbẹ̀? Òdòdó lo fi ránṣẹ́ sẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kó máa já òdòdó? Bíi kéèyàn gbé irun fún onígbàjámọ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀! Ẹnu rẹ ńkọ́?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Olólùfẹ́ mi, sọ ọ́ wàyí."

Ó sọ ọ́. Etí ẹni kẹta ò gbọ́ ọ, àmọ́ àpótí irinṣẹ́ padà sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá wo ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà látòkè délẹ̀. "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ yín ni mo fẹ́ fi ṣaya, mà," ni Onípáìpù dáhùn fúnra rẹ̀.

"Háà! Ògiri lanu! Wọlé, jókòó."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn, ọ̀gá obìnrin tó ni ilé gíláàsì ń yẹ tábìlì wò. Ó rí ìkòkò kan tí òdòdó dúró lórí rẹ̀ gbọnrangandan.

"Ìyàwó, èwo ni tèyí? Kí ló dé tó ò já a?"

Ọwọ́ Ọ̀rẹ́-Ewé ti ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára. Ó fà á padà, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó dúró. Ọkọ mi ló ń bá mi sọ̀rọ̀."