Pẹ́pẹ́yẹ àti Balógun Inú Ìbọ̀sẹ̀

Pẹ́pẹ́yẹ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé.

Kì í ṣe pé ó ní ìyẹ́ o. Ìyá àgbà rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé káàkiri bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Bí Ìyá àgbà bá lọ sí ilé ìdáná, pẹ́-pẹ́-pẹ́! Pẹ́pẹ́yẹ ti dé ẹ̀yìn wọn.

Bí Ìyá àgbà bá lọ sá aṣọ, pẹ́-pẹ́-pẹ́! Pẹ́pẹ́yẹ ti dé ẹ̀yìn wọn.

Bí Ìyá àgbà bá wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Pẹ́pẹ́yẹ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa dúró dè wọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Pẹ́pẹ́yẹ jí, ó sì sáré lọ sí pálọ̀. Ó fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà lórí àga gígùn, bó ṣe máa ń ṣe.

Háà! Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀.

Àgùnfọn ni. Ẹ̀gbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ ni Àgùnfọn. Ọrùn rẹ̀ gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Tó bá jókòó, kì í ku àyè fún ẹlòmíì.

Tábìlì wà níwájú àwọn méjèèjì. Lórí tábìlì, ogun ń lọ lọ́wọ́!

Aṣọ aláwọ̀ ewé ni pápá. Aṣọ búlúù ni odò. Ìwé tí wọ́n tò léra ni òkè. Rúlà tó dábùú odò ni afárá.

Àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ. Ti Ìyá àgbà wọ aṣọ pupa. Ti Àgùnfọn wọ aṣọ dúdú.

Pẹ́pẹ́yẹ tẹjú mọ́ wọn. Wọ́n ní ojú. Wọ́n ní imú. Ọ̀kan tilẹ̀ ní irùngbọ̀n!

"Ìyá àgbà, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Ogun orí tábìlì ni," Ìyá àgbà dáhùn. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba òkè ló borí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

Iṣẹ́ kíkọ pátákó ara ṣọ́ọ̀bù ni Ìyá àgbà ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Àwọn ni wọ́n kun gbogbo ọmọ ogun pupa yẹn.

Àgùnfọn fi téèpù wọn ilẹ̀. Ó sún ọmọ ogun rẹ̀ síwájú. Ó ju dáìsì. Kọrọ-kọrọ-kọrọ... tọ́!

"Mẹ́fà!" Àgùnfọn pariwo.

Gbì! Ọmọ ogun pupa kan ṣubú.

"Ọmọ yìí, o fẹ́ lé mi kúrò nílé mi!" ni Ìyá àgbà wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì.

Àgùnfọn ni wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe Pẹ́pẹ́yẹ.

Nǹkan kan jí nínú ikùn Pẹ́pẹ́yẹ. Gùrù-gùrù-gùrù.

Kì í ṣe ebi. Owú ni.

"Èmi náà fẹ́ ṣe," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Ọmọ ogun tìẹ dà?" Àgùnfọn béèrè. "Kí lo fẹ́ fi jà? Ṣíbí?"

Gùrù-gùrù-gùrù!

Ìyá àgbà dìde. Wọ́n mú ọ̀rá kékeré kan wá. Àwọn ọmọ ogun díẹ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn funfun báláú. Ẹnikẹ́ni kò tíì kùn wọ́n.

"Tìẹ rèé, Pẹ́pẹ́yẹ mi."

"Kò pọ̀ tó ti Bọ̀dá!"

"Kò gbọdọ̀ pọ̀. Díẹ̀ ni olùbẹ̀rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbọ́ o. Ẹyọ kan ni kó o kọ́kọ́ kùn. Bu omi díẹ̀ sí ọ̀dà. Kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Jẹ́ kó gbẹ. Kó o wá tún un kùn. Má sì ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu o!"

"Ẹyọ kan ṣoṣo?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà, ọmọ mi."

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọ̀dà yẹ́lò. Ó mú ẹyọ kan. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Kọrọ-kọrọ-kọrọ... tọ́! Ìyá àgbà àti Àgùnfọn tún bú sẹ́rìn-ín.

Gùrù-gùrù-gùrù!

"Ẹyọ kan kọ́," Pẹ́pẹ́yẹ kùn sínú. "Gbogbo wọn ni màá kùn. Kíákíá! Kí n lè lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà."

Kò bu omi sí ọ̀dà. Kò dúró kó gbẹ.

Lùbù! Ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Lùbù! Ó kun ẹyọ kan. Lùbù! Ó kun èkejì. Lùbù! Lùbù! Lùbù!

Ó parí. Ó gbé wọn sókè, ó wò wọ́n.

Ojú dà? Kò sí ojú.

Imú dà? Ọ̀dà ti bo imú.

Gbogbo wọn dà bí àbẹ́là tó ti yọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ wo orí tábìlì. Balógun Àgùnfọn dúró létí odò. Ó ní ojú. Ó ní imú. Òun ló ní irùngbọ̀n. Ó sì di ọ̀kọ̀ ṣóńṣó kan mú.

Gùrù-gùrù-gùrù-GÙRÙ!

Ìyá àgbà àti Àgùnfọn lọ mu omi ní ilé ìdáná. Pẹ́pẹ́yẹ kò tẹ̀ lé wọn. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó na ọwọ́. Fìrì! Balógun ti wọnú ìbọ̀sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ.

Àwọn tó lọ mu omi padà dé.

"Balógun mi dà?" ni Àgùnfọn wí.

Ó wo abẹ́ tábìlì. Kò sí. Ó wo abẹ́ àga. Kò sí. Ó gbọn kọ́tìnì. Eruku nìkan ló jáde.

"Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé o rí Balógun mi?"

Pẹ́pẹ́yẹ mi orí pé rárá. Ó rọra fẹ́ yọ́ lọ.

Ṣó! Ọ̀kọ̀ Balógun gún un lẹ́sẹ̀.

"Yéè!"

"Kí ló dé?" Ìyá àgbà béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Ṣó!

"Yéè!"

"Kí ló wá dé tó o fi ń tiro?"

"Bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń rìn nìyí, mà."

Ìyá àgbà kàn ń wo ìbọ̀sẹ̀.

Àgùnfọn kò wá a mọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ jọ.

"Mo pẹ́ gan-an kí n tó kun Balógun yẹn tán," ó wí. "Òun nìkan ni mo kùn tó dáa." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àyè ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà báyìí. Àyè ńlá. Pẹ́pẹ́yẹ lè lọ jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ.

"Òjòwú ò lẹ́ran láyà," Ìyá àgbà wí jẹ́jẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ẹran ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dùn ún.

Ó tẹ̀ ba. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Pó! Balógun jáde. Ọ̀kọ̀ rẹ̀ ti wọ́.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Èmi ni mo mú un. Mò ń jowú ni. Ẹ ti gba Ìyá àgbà mi lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ ogun mi ò sì lójú mọ́!"

Ẹkún gbà á. Ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Àgùnfọn fa ojú ro. Ó gba Balógun. Ó wo ọ̀kọ̀ tó wọ́. Ó wá wo àwọn ọmọ ogun yẹ́lò tó wà lórí ẹní.

"Ẹ gbà mí o!" ó wí. "Ṣé ọmọ ogun nìyí àbí àbẹ́là?"

"Àgùnfọn," Ìyá àgbà wí, "mú èyí tó o kọ́kọ́ kùn wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà! Ìyẹn kọ́!"

"Mú un wá."

Àgùnfọn ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ páálí rẹ̀. Ó na ọwọ́ náà wọlé jìnnà. Ó fa ọmọ ogun kan jáde.

Orí rẹ̀ dán bí ẹyin. Ojú kan wà níwájú orí. Ojú kejì wà lára etí.

Pẹ́pẹ́yẹ gbàgbé ẹkún. "Kí-kí-kí! Ta ló kun èyí?"

"Èmi ni," Àgùnfọn wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò bu omi sí ọ̀dà."

Ìyá àgbà bu omi sínú abọ́. Wọ́n mú ọṣẹ. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́. "Ọ̀dà yẹ́lò yìí ò tíì gbẹ," wọ́n wí. "Ẹ yáa fọ̀ ọ́."

Ṣá-ṣá-ṣá! Pẹ́pẹ́yẹ ń fọ̀. Ṣá-ṣá-ṣá! Àgùnfọn náà ń fọ̀.

Imú kan yọ. Ojú méjì yọ. Ẹnu yọ.

"Ẹ káàbọ̀ o!" Pẹ́pẹ́yẹ kí ọmọ ogun náà.

Ní báyìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni Pẹ́pẹ́yẹ mú. Ó bu omi díẹ̀ sí ọ̀dà. Ó kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó dúró.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ," Ìyá àgbà dáhùn.

"Ṣé ó ti gbẹ báyìí?"

"Pẹ́pẹ́yẹ!"

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀, kó má baà fọwọ́ kàn án.

Ó gbẹ. Ó tún un kùn. Ó tún dúró. Ó wá fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì kun ẹnu rẹ̀, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Igun ẹnu náà yí sókè.

Ọmọ ogun yẹ́lò ń rẹ́rìn-ín!

"Ṣé ẹyọ kan lè jagun?" Pẹ́pẹ́yẹ béèrè.

"Ẹyọ kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀," Ìyá àgbà wí. "Wá síbí. Èmi àti ìwọ la jọ wà."

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà. Ibẹ̀ móoru. Ibẹ̀ dára.

"Ibo ló máa dúró sí?"

Pẹ́pẹ́yẹ wo pápá. Ó wo odò. Ó wo rúlà tí wọ́n fi ṣe afárá. Rúlà náà tín-ínrín. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbé ọmọ ogun yẹ́lò sí àárín afárá.

"Áà!" Àgùnfọn ké. "Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà lọ sórí òkè!"

Ọmọ ogun dúdú kan wá. Kọrọ-kọrọ-kọrọ... tọ́! Gbì! Ó bọ́ sódò.

Òmíràn wá. Kọrọ-kọrọ-kọrọ... tọ́! Gbì! Òun náà bọ́ sódò.

Balógun fúnra rẹ̀ wá, tòun ti ọ̀kọ̀ wíwọ́. Kọrọ-kọrọ-kọrọ... tọ́!

Gbì! Ọmọ ogun yẹ́lò bọ́ sódò.

Pẹ́pẹ́yẹ sún ẹnu síwájú. "Mo ti pàdánù."

"Wo orí òkè ná," Ìyá àgbà wí.

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó. Bí Àgùnfọn ṣe ń jà lórí afárá, àwọn ọmọ ogun pupa ti ń gun òkè. Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti dé orí ìwé tó wà lókè pátápátá!

"A ti gba òkè!" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó dúró lórí afárá!"

Pẹ́pẹ́yẹ fò sókè. Pẹ́-pẹ́-pẹ́! Ó jó yí tábìlì po, ó sì padà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà.

Àgùnfọn yọ ọmọ ogun yẹ́lò lódò. Ó wò ó títí. Ó wo Balógun tirẹ̀.

"Tìẹ ń rẹ́rìn-ín," ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tèmi ò rẹ́rìn-ín."

Pẹ́pẹ́yẹ dẹ etí. Ó gbọ́ nǹkan kan.

Gùrù-gùrù-gùrù.

Ikùn tirẹ̀ kọ́ ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ó mọ ohùn náà dáadáa.

Ó wo àyè rẹ̀ tó móoru lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà. Ó mí kanlẹ̀.

Ó sún. Díẹ̀ ni o.

"Ẹ jókòó síbí, Bọ̀dá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Ẹ gbé Balógun wá. Ẹ kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ sí ọ̀dà."