Sàréè Tó Sá Kúrò Lára Ògiri

Ọ̀sán ni àwọn àlejò Gẹ̀ẹ́sì máa dé. Àárọ̀ ni wọ́n rí i pé pátákó idẹ ti kúrò lára ògiri.

"Èyí kì í ṣe olè, ìkà ni!" ni Màdáámú Geertrui Haverkamp wí. Òun ni Dijkgraaf ìlú Wierdam, olóyè tó ń ṣọ́ odi tí kò jẹ́ kí òkun wá bá wa lórí ibùsùn. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. "Àná ni wọ́n kàn án síbẹ̀. Wò ó!"

Jikke Oosterling, ọlọ́pàá àdúgbò, sún mọ́ ògiri. Nǹkan kan yà á lẹ́nu. Olè ti tú gbogbo síkúrù, ó ti gbé pátákó, ó sì ti tún lọ́ síkúrù kọ̀ọ̀kan padà sínú ihò rẹ̀.

Olè wo ló ń tún ilé ṣe kó tó máa lọ?

Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí wọ́n kọ sára pátákó yẹn. Orúkọ oyè Màdáámú ni, lédè wa lókè, lédè Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Fenna Roelevink, ògbufọ̀ ìlú, ló túmọ̀ rẹ̀: Dike-grave. Odi ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Èkejì ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á ní sàréè ni. Nírọ̀lẹ́ àná nílé ọtí, Lubbert Nauta, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ife bíà rẹ̀ sókè.

"Ẹ bá mi kí Sàréè Odi! Wọn ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì!"

Ilé ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín.

"Màdáámú, ẹ má bínú," ni Jikke wí. "Ẹ̀yin ni wọ́n pè ní sàréè. Ṣé ojú ò tì yín?"

"Ó tì mí. Àmọ́ èmi ni mo láṣẹ lórí ògiri yìí. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́, ojú gbogbo ayé ni màá ní kí wọ́n ti yọ ọ́. Lọ bi Fenna. Wọ́n ní ó gbé àṣìṣe ara rẹ̀ pamọ́ ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìtumọ̀ ilé yìí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Jikke bá Fenna nílé rẹ̀ ní ìdí tábìlì, búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ìwọ lo gbé e?"

"Jikke, a jọ jókòó ní kíláàsì Tíṣà Lubbert, tí kì í jẹ́ ká dìde láìdá gbogbo nǹkan padà sáyè rẹ̀. Ṣé mo jọ olè lójú ẹ ni?"

"O jọ ẹni tí kò jẹun."

Fenna rẹ́rìn-ín tipátipá, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Kì í ṣe sàréè. Ní ilẹ̀ àbàtà ìlà oòrùn Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń pe ẹni tó ń ṣọ́ odi omi gan-an nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tiwọn àti tiwa, ọmọ ìyá kan náà ni. Ibẹ̀ sì ni àwọn àlejò ti ń bọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń fi ẹ́ ṣẹ̀sín?"

"Ẹnu àlejò ni mo fẹ́ kí Tíṣà ti gbọ́ ọ. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Jikke ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́bàá omi, ó ń rò ó. Bí obìnrin bá mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ orogún òun, ṣé ó máa gbé ọbẹ̀ náà pamọ́ fún àlejò ni? Ká má rí i! Òun gan-an ló máa bù ú fún wọn. Àfi tó bá ti tọ́ ọ wò, tó sì rí i pé ó dùn.

Ó dé ilé Tíṣà Lubbert, ẹni tó ń pariwo lánàá pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ Fenna. Ní Wierdam, a kì í ta aṣọ bo fèrèsé lójúmọmọ. Ti Tíṣà wà ní bíbò.

"Tíṣà, ẹ kú ilé o. Ṣé kò sí òkú nílé, tí ẹ fi ta aṣọ bo fèrèsé?"

"Ojú ló ń dùn mí. Jókòó, ọmọ mi." Ó bu kọfí fún un, ó mú bisikíìtì kan ṣoṣo nínú agolo, ó sì dé agolo náà pa.

"Ẹ ti gbọ́ pé pátákó ti lọ?"

"Fenna ni. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè wò ó."

"Ó mà ṣe o. Àwọn àlejò ì bá fi í rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kẹ̀?" Ojú Tíṣà pọ́n. "Wọ́n á máa gbé e gẹ̀gẹ̀ ni! Nítorí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn ń sọ, tí ẹnikẹ́ni ò sọ mọ́!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jikke rọra gbé ife kalẹ̀.

"Tíṣà, lánàá ẹ ní wọn ò sọ ọ́ rí. Ta ló wá sọ fún yín pé baba ńlá wọn ń sọ ọ́? Fenna ò sọ fún ẹlòmíì lẹ́yìn mi. Àwọn síkúrù tí olè lọ́ padà sínú ihò ńkọ́? Ta ló kọ́ gbogbo wa pé ohun tí a bá tú, ká dá a padà sáyè rẹ̀?"

Jikke dìde, ó ká aṣọ fèrèsé kúrò. Pátákó idẹ náà wà láàárín àwọn ìkòkò òdòdó, ó ń kọ mànà.

"Mi ò lè jù ú sómi," ni arúgbó náà wí. "Mo délé lánàá, mo ní kí n ṣí ìwé atúmọ̀-èdè ńlá mi, kí n tún rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín sí i. Àfi bí mo ṣe bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ìdájí ni mo lọ tú u. Nígbà kan, kò sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú yìí tí kò gba ọwọ́ mi kọjá. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe fèrèsé! Lónìí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni gbogbo yín ń kàn. Owú ni, Jikke. Kò lórúkọ míì."

"Ẹ mú síkúrùdiráfà yín, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ojú Màdáámú àti gbogbo ará ọ́fíìsì ni Tíṣà ti lọ́ pátákó náà padà. Síkúrùdiráfà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò wọlé dé. Bàbá arúgbó kan láàárín wọn ka pátákó náà, ó sì ṣí fìlà.

"Oyè bàbá bàbá mi rèé! Mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti kékeré. Ta ló wá a rí?" Lubbert ló yíjú sí, nítorí òun ló sún mọ́ ògiri jù.

Tíṣà wo pátákó, ó wo Fenna. Nígbẹ̀yìn, ó na síkúrùdiráfà sí Fenna.

"Òun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni o. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Màdáámú Haverkamp ti gba ọwọ́ Fenna mú, ó ń fà á lọ síwájú àwọn àlejò. Fenna bojú wẹ̀yìn.

"Òótọ́ ni, Tíṣà," ó wí. "Ẹ ti dá a padà sáyè rẹ̀."