Mítà Ẹnu Àgbadà

Aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́rú kọjá díẹ̀ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà pọ́n ròrò. Hafeezah tún nọ́ńbà náà tẹ̀. Ó tún pọ́n.

"Ìyá Mítà," Rídwàn tó ń ru àpò gààrí pè é, "ṣé o tún fẹ́ pa iná mọ́ wa lójú ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ọlidé ni Hafeezah wá ṣe nílé-iṣẹ́ gààrí tó wà lọ́nà Ayépé yìí, kí ìdánwò JAMB rẹ̀ tó dé. Bàbá rẹ̀, Mọ́rúfù, tó ń yan gààrí nídìí àgbadà ńlá, ló bá a wá a. Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná àgbadà náà, mítà méjì ló sì ń ka iye rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu táǹkì ń fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu àgbadà ti gbó. Ojú ni Hafeezah fi ń kà á, kó tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.

"Ohun tó kúrò ní táǹkì gbọ́dọ̀ dé àgbadà," Ẹnjiníà Yétúndé ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Mítà lè ṣì díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣì. Bí ìyàtọ̀ bá kéré, kọ̀ǹpútà á parí ìjà àwọn méjèèjì. Bó bá pọ̀, á pọ́n. Ìwọ má bá wọn parí rẹ̀ o. Ní kí wọ́n pa iná, kó o pè mí."

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ẹfun ni Bàbá Fálolú, àgbà ibẹ̀, fi ń kọ iye gáàsì sára ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní ìwé. Bàbá náà a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Ògiri ò já mi nírọ́ rí. Ìwé náà ò já mi. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló lẹ́nu."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ náà ti pọ́n lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n pa iná, ẹnjiníà wá láti Ṣàgámù, ìdọ̀tí lásán ló bá nínú mítà. Gààrí tó wà lórí iná di ìṣù, wọ́n dà á nù. Ibẹ̀ ni Hafeezah ti gba orúkọ Ìyá Mítà.

Ẹ̀kọ́ JAMB ń dúró dè é ní Ìjẹ̀bú-Òde ní aago mẹ́rin. Rídwàn bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀.

"Ìdọ̀tí náà ni. Ṣé o ò rí iye tí táǹkì sọ ni? Tẹ èyí tó bá a mu. Mítà ò lẹ́nu tó máa fi rojọ́ rẹ."

Táǹkì ní kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló jáde. Mítà ẹnu àgbadà ní mẹ́tàdínlógún ló dé. Hafeezah wo aago. Ó tẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ewé, ó tutù minimini.

Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti ìdí àgbadà. "Ṣé o ti ń lọ? Jẹun kó o tó wọkọ̀ o."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Kílò mẹ́sàn-án tí kò dé àgbadà kò sọnù. Abẹ́ àgbadà ló wà, níbi tí rọ́bà gáàsì ti là. Níbòmíràn, imú ì bá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gààrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: pákí tó ti kan nínú àpò fún ọjọ́ márùn-ún ló gba gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bí onílé. Ta ni yóò gbóòórùn àlejò?

Ẹ̀bá títì ni Hafeezah dúró sí nígbà tí gáàsì náà gbiná, tó bú gbàmù. Ó yíjú padà. Òrùlé ò sí níbẹ̀ mọ́.

Rídwàn ò dé ọsibítù. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Mọ́rúfù yè é, ṣùgbọ́n iná gba ojú rẹ̀ méjèèjì, ìka rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn.

Mítà ẹnu àgbadà jóná. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀. Ẹnjiníà Yétúndé yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí gáàsì kankan tó jò. Ni àwọn èèyàn bá ń sọ pé Mọ́rúfù ló ṣí gáàsì sílẹ̀ tó lọ kírun. Ìyá Rídwàn wá sí ọsibítù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kí i, ó sì padà.

"Bóyá èmi náà ni," Mọ́rúfù wí lọ́jọ́ kan, bí Hafeezah ṣe ń bá a da omi àlùwàlá sẹ́sẹ̀. "Mo ń rò ó lójoojúmọ́. Bóyá mo gbàgbé."

Kẹ́tùrù omi náà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ ò gbàgbé. Mẹ́tàdínlógún ni mítà sọ. Èmi ni mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Omi ń ṣàn lọ sábẹ́ ibùsùn. Mọ́rúfù kọ ojú tí kò ríran mọ́ sí ògiri.

"Lọ sọ fún ẹnjiníà," ó ní. "Kí o sì lọ sọ fún ìyá Rídwàn."

Ó lọ sọ fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀bi kúrò lórí bàbá rẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ ò padà. Ọjọ́ ìdánwò JAMB dé, ó kọjá, ìdí ibùsùn bàbá rẹ̀ ni Hafeezah wà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí a ò bá fẹ́ kó bàjẹ́, ojú la fi ń ṣọ́ ọ. Bí nǹkan méjì tó yẹ kó bára mu ò bá bára mu, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín so wọ́n pọ̀. Ẹni tó da aṣọ bo egbò ò wo egbò sàn. Hafeezah mọ̀ ọ́n báyìí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ a bi í pé aago mélòó ló lù, òun náà á wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn.