Etí Òsì Màmá Àgbà

"Fi etí kan sí i," ni olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wí. "Amọ̀ bíńtín ló máa gbà. Kí ló le níbẹ̀?"

Alámọ̀ ṣáà ń fọwọ́ ra orí amọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un nìyẹn, torí amọ̀ kì í kúrò léèékánná rẹ̀. Orí ìyá àgbà rẹ̀ ló mọ. Ó ti gé e sí méjì, ó ti gbẹ́ inú rẹ̀, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ padà, kó má bàa bẹ́ nínú ìléru. Etí ọ̀tún pé. Ní ti òsì, awọ tó hunjọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó ti tó ogójì ọdún tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ìlú náà jóná, tí obìnrin mọ́kànlá kú sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àìkíyèsí àwọn obìnrin ọ̀hún ló fà á. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, iná jó etí òsì rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé ìta ni wọ́n ti fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló fẹ́ fún ẹni tó bá gbégbá orókè níbi àfihàn ọnà ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin.

"Ìwọ lo máa gbà á," olùkọ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ tí ọ̀gá wọn bá rí àpá iná yẹn, ó tán nìyẹn."

Ká má tan ara wa, ta ló máa gbọ́ ọdún mẹ́rin ọ̀fẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ò ní fà sí i? Alámọ̀ mọ etí kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ìyá àgbà dé láti wá jókòó fún un bó ti máa ń ṣe, ó wo orí náà títí.

"Ta lèyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kọ́. Ó rẹwà jù mí lọ. Àmọ́ kò sí nínú iná ọjọ́ yẹn. Àwọn mọ́kànlá yẹn ò lè dá a mọ̀."

Ojú ti Alámọ̀ gan-an. Ó fi wáyà gé etí náà dànù. Bí ìyá àgbà ṣe ń pe orúkọ àwọn mọ́kànlá náà, Alámọ̀ ń fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sí ọrùn ère.

"O ti fọwọ́ ara ẹ ṣera ẹ," ni olùkọ́ wí nígbà tó rí i.

Lọ́jọ́ àfihàn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé orí náà sí. Alámọ̀ gbé e wá síwájú fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì í. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà dé ibẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Iṣẹ́ yìí dáa. Ṣé àkókò ò tó ẹ ni, tó ò fi ṣe etí kejì?"

"Àkókò tó, sà. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa nílé iṣẹ́ yín ló mú un lọ. Orúkọ àwọn tí ò rí ọ̀nà jáde ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè."

Ọ̀gá náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ni Alámọ̀ bá kà á fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ọkùnrin arúgbó kan dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn." Nígbà tó máa fi ka ìkọkànlá, ìdajì àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn ti wà lórí ìdúró.

Ẹlòmíì ló gba ẹ̀bùn náà, ó sì dun Alámọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ lè gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ogójì ọdún ni ìlú yẹn fi dákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ló ní ó tó.